Ẹni Tó Ń Dúró De Ọgbẹ́ Ẹlòmíràn

Nínú ilé wa, inú ihò ni gbogbo ọkùnrin ń lọ. Bàbá wa, Jozef Kostelnik, ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Bàbá tó bí i lọ́mọ náà ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn tó ti Slovakia sọdá òkun wá, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ní Dunmar, ìlú wa láàárín àwọn òkè Pennsylvania, bí ọmọkùnrin bá ti ń ga, wọ́n á ra akoto tó níná níwájú fún un, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Èmi Zuzana, torí pé mo jẹ́ obìnrin, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n mú mi lọ. Ondrej ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni gbogbo wa ti gbà láti kékeré pé kò ní fojú kan ihò yẹn.

Béésbọ́ọ̀lù ló fẹ́ yọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn awakùsà máa ń bá àwọn ará ìlú ìtòsí gbá bọ́ọ̀lù ní pápá tó wà lẹ́yìn òkìtì èédú. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣe ni Ondrej yàn láàyò. Òun ló máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó mú igi, tó máa ń hán bọ́ọ̀lù tí ẹni tó ń jù ú bá fi gbogbo agbára sọ wá. Ó máa ń fi irin bojú, á so tìmùtìmù mọ́ àyà, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù á máa bà á ní ìka, ní èjìká, ní ọ̀fun. Kò bìkítà. Ó máa ń sọ fún mi pé gbogbo àwọn tó kù lórí pápá ló kọjú sí òun, òun nìkan ló sì kọjú sí gbogbo wọn, kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀ tí òun kò rí.

Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí ọkùnrin kan tí ẹgbẹ́ ńlá kan ń rán kiri láti wá ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, wá jókòó sí ilé ìdáná wa. Ogun ńlá kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ìyá wa bu kábéèjì tí wọ́n fi bọ́tà dín fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí wọ́n bu sí i. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé àdéhùn jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àṣírí, irú rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù yẹn jẹun nígbà náà ń fọwọ́ sí. Bí ọdún kan bá parí, ẹgbẹ́ láṣẹ láti di èèyàn mú fún ọdún mìíràn, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o, ọdún mìíràn náà á sì tún ní àṣẹ yẹn nínú. Ẹgbẹ́ lè tà ọ́, wọ́n lè lé ọ, ṣùgbọ́n ìwọ kò lè dìde kí o fi wọ́n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ro ìyẹn lọ́jọ́ náà. Bàbá mi tó ti ń wúkọ́ nígbà yẹn nawọ́ gbá Ondrej lẹ́yìn.

"Òkè ni kí o máa wò báyìí," ó sọ fún un. "Má wo ilẹ̀ mọ́."

Ọdún bíi mélòó kan ló fi gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá náà, tó ń sùn nínú bọ́ọ̀sì, tó ń jẹun lẹ́bàá títì. Ìwé ìròyìn sọ ọ́ di Andy, torí pé Ondrej ń di wọ́n lẹ́nu. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ńlá pè é sílùú ńlá, àwa nílé sì pín ọtí bíà fún gbogbo àdúgbò.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ẹgbẹ́ náà ti ní ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù fún wọn. Dale Rucker ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ láti Oklahoma, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Rucker kì í ṣàìsàn. Òjò rọ̀, oòrùn ràn, òun ni wọ́n máa ń rí lẹ́yìn ẹni tó mú igi. Ìka ọwọ́ rẹ̀ á wú, á fi báńdéèjì dì í, á padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Ondrej ni kó dúró sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́bàá ọgbà pápá, kó máa hán bọ́ọ̀lù fún àwọn ajùbọ́ọ̀lù tó ń nara kí wọ́n tó wọlé. Tí wọ́n bá ti wọlé, ó parí, á jókòó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í pè é ní Andy pàápàá. Táyà Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é, táyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò de ọjọ́ tí òmíràn bá jò. Wọ́n á ní, "Táyà Ẹ̀yìn, ṣé afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ẹ?" Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Bàbá àti ìyá mi pẹ̀lú èmi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi ra fìlà tuntun nítorí ọjọ́ náà. A jókòó láti ọ̀sán títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, Ondrej kò wọlé. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa tó ń jẹ ẹ̀pà béèrè lọ́wọ́ bàbá mi pé ta ni a wá wò. Bàbá mi nawọ́ sí kọ̀rọ̀ ọgbà.

"Ta nìyẹn?" ọkùnrin náà bi í.

"Kostelnik ni," bàbá mi dáhùn. "Wọ́n ń fi í pa mọ́ ni."

Nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí a ń padà sílé, bàbá mi di fìlà rẹ̀ mú lórí itan títí a fi wọ àárín àwọn òkè. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ìyá mi, ní èdè tiwa, pé ní gbogbo ọ̀sán yẹn, ọmọ olọ́mọ tó lóṣòó níwájú ni òun ń wò, tí òun ń retí kí bọ́ọ̀lù bà á níbi tí kò ní lè dìde. Ó ṣe àmì àgbélébùú sí àyà rẹ̀, ó yí ojú sí fèrèsé.

Ondrej ti ń retí nǹkan kan náà, ó kàn jẹ́ pé kò sọ ọ́ síta ni. Ọdún kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ẹgbẹ́ míì mọ̀ pé ó dáa. Méjì nínú wọn bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tà á fún àwọn, pé lọ́jọ́ tó bá dé ni àwọn máa fi í síwájú. Wọ́n kọ̀. Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Haverty tó ń ṣe àkóso ẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Bí Ondrej ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa lọ," ó sọ fún un. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ò lò mí."

"Ta ló ní a ò lò ẹ́? Andy, tí ilé èèyàn ò bá tíì jó, ṣé ó máa da omi inú àgbá nù ni?"

"Omi tó bá pẹ́ nínú àgbá máa ń bàjẹ́, ọ̀gá."

Haverty rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dùn, ó ní kó bá òun kí ìyá rẹ̀ nílé.

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún ń bọ̀, tó yẹ kó lọ bá ẹgbẹ́ níbi ìgbaradì, Ondrej jókòó sílé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn sọ pé òun kò lọ. Ẹgbẹ́ kéde pé kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹnikẹ́ni, òfin eré náà sì ni pé kí gbogbo ẹgbẹ́ yòókù bọ̀wọ̀ fún irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ó rò pé kò burú, òun á máa bá àwọn awakùsà gbá tiwọn lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n Pavol Hricko, olórí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú, wá sílé wa, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́, kò lè wo ojú Ondrej. Ó ní ẹni tó bá bá ẹni tí wọ́n lé gbá bọ́ọ̀lù lè kó sínú ìyà rẹ̀, àti pé òun ní ọmọ méjì tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yọjú wò. Ondrej ní ó yé òun. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà wọlé, ó jókòó sórí àga, ó fọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Kí ni kó wá ṣe? Ní Dunmar, ohun kan ṣoṣo ló wà.

Àárọ̀ tó máa kọ́kọ́ lọ, ó ní kí bàbá mi yá òun ní bàtà iṣẹ́ àtijọ́. Bàbá mi ń mu kọfí lọ́wọ́. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Mo ti sọ fún gbogbo wọn nísàlẹ̀ yẹn pé ìwọ ò ní wá," ó ní.

Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ gbẹ̀yìn nìyẹn fún oṣù díẹ̀. Àgò irin kan náà ló ń gbé àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀, bàbá mi á dúró sí apá kan, ọmọ á dúró sí apá kejì. Tí wọ́n bá dé lálẹ́, ojú wọn dúdú bákan náà, wọ́n á wẹ̀ nínú ọpọ́n ńlá kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìsọ̀rọ̀. Ìyá mi á gbé oúnjẹ síwájú wọn, á máa ti ojú ọ̀kan wo ojú èkejì.

Ibi tí wọ́n fi Ondrej sí nínú ihò, òrùlé rẹ̀ kò ga tó kí èèyàn lè dìde dúró. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ẹ̀yìn kì í ro ó. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun lójú rẹ̀.

"Zuzka, lílóṣòó yẹn náà ni," ó ní. "Bọ́ọ̀lù nìkan ni ò sí."

Ó ti wọ oṣù Keje nígbà tí mọ́tò aláwọ̀ ewé kan dúró síwájú ilé wa. Haverty fúnra rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò jáde sí àtẹ̀gùn wọn láti wò ó. Ó jókòó sórí àga tí ọkùnrin ìjọ́sí jókòó lé, ìyá mi kò sì fi oúnjẹ lọ̀ ọ́. Ó ní àtàǹpàkò Rucker ti ṣẹ́, ṣíṣẹ́ tí báńdéèjì kò lè dì. Mo ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ayọ̀ kọjá níbẹ̀, mo rí i dájú, ó yára bí ìgbà tí ẹyẹ bá fò kọjá lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló tẹ orí rẹ̀ ba, ó ń fi èékánná ha eruku èédú tó wà lórí ọwọ́ rẹ̀.

Ó béèrè nǹkan kan. Ó ní tí Rucker bá padà, kí wọ́n dá òun sílẹ̀ kí òun lọ sí ẹgbẹ́ míì.

"Tó bá ti padà, a ó jọ sọ̀rọ̀," Haverty dáhùn.

"Ọ̀rọ̀ kọ́ ni mò ń béèrè, ọ̀gá."

"Ohun tí mo ní náà nìyẹn, Andy."

Ìyá mi sọ ọ́ ní èdè wa pé kó má lọ, pé ẹni tó ti tì ọ́ mọ́lé lẹ́ẹ̀kan kò ní ju kọ́kọ́rọ́ nù. Haverty ń wo ẹnu wa, kò gbọ́ ohun tí a ń sọ. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, láti ibi tó jókòó sí lẹ́bàá ààrò, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀.

"Gbé báàgì rẹ, Ondrej."

"Bàbá, wọ́n tún máa tì mí mọ́ ibẹ̀ ni."

"Mo mọ̀," bàbá mi ní. "Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀."

Ó lọ. Gbogbo Dunmar gbé rédíò sójú fèrèsé, èèyàn lè rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu ihò láìpàdánù ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú eré. Ó gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ebi ti pa fún ọdún pípẹ́. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fẹ́ràn rẹ̀ torí pé àwọn ló ti ń hán bọ́ọ̀lù fún ní kọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí, ó mọ ọwọ́ kálukú wọn. Kò sẹ́ni tó pè é ní Táyà Ẹ̀yìn mọ́.

Kí àsìkò eré ọdún yẹn tó parí, Rucker ránṣẹ́ pè é sílé. Ondrej kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lọ. Ìyàwó Rucker gbé omi lẹ́mọ́ọ̀nù wá fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Rucker tú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì. Ondrej ní òun kò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí, àní láàárín àwọn awakùsà. Kò sí ìka kan tó tọ́ níbẹ̀, wọ́n dà bí gbòǹgbò atalẹ̀.

"Èyí ṣẹ́ ní ọdún tó o dé," Rucker ní, ó ń tọ́ka sí ìka kan. "Èyí, ọdún tó tẹ̀ lé e. Àtàǹpàkò yìí, láti oṣù Karùn-ún ló ti ṣẹ́. Mo kàn ń dì í ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sinmi?"

Rucker wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Kí n sinmi? Ojoojúmọ́ ni mo máa ń yí ojú sí kọ̀rọ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni mo máa ń rí ẹ, tí ò ń wo ọwọ́ mi. Mo ní ọmọ mẹ́rin, Andy. Oko bàbá mi ti lọ. Mo máa ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ rẹ rọ́."

Ondrej gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi náà máa ń gbàdúrà fún yín," ó ní. "Irú ẹ̀ náà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì. Wọ́n mu omi lẹ́mọ́ọ̀nù wọn tán. Ọwọ́ Rucker kò padà bọ̀ sípò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ń ta ẹ̀rọ ìroko ní Oklahoma.

Bí ibi iṣẹ́ náà ṣe di ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Gbogbo wa nílé rò pé ìdè ti já. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó fi omi pa mọ́ sínú àgbá nígbà kan kò ní jẹ́ kí àgbá gbẹ. Wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Georgia, Lyle Tranter, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí apá rẹ̀ yá, wọ́n ní kó lọ máa dúró sí kọ̀rọ̀ ọgbà.

Orúnkún Ondrej ti ń bàjẹ́. Ọdún lílóṣòó, ọdún tó lò ní àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, àti oṣù tó lò nínú ihò, gbogbo rẹ̀ ló para pọ̀. Tó bá wálé nígbà òtútù, ẹ̀yìn ló máa ń fi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń di igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí gbogbo èèyàn bá kúnlẹ̀, òun á tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó, á bo ojú. Lórí pápá, kò sẹ́ni tó mọ̀. Á na ẹsẹ̀ nínú omi gbígbóná ní ìdákọ́ńkọ́ kí àwọn yòókù tó dé, á wọ aṣọ rẹ̀, á jáde bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún wọn, kó sinmi.

"Tí mo bá sinmi lọ́jọ́ kan," ó dá mi lóhùn, "ọjọ́ yẹn ò ní tán, Zuzka."

Bàbá wa kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Eruku èédú ló ti dí i láyà. Ondrej dé ní àárọ̀ ìsìnkú, ó sì padà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò lè kúnlẹ̀ létí sàréè, ó dúró gbọingbọin láàárín gbogbo wa tó wà lórí eékún. Mo rí i tó ń wo aago lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi sí i, mo sì sọ ọ́ sí i létí ní ibùdókọ̀ ojú irin. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, bàbá wa lẹ sin lónìí." Ó wọ ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́yìn èkejì.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń so tìmùtìmù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá ìmúra nígbà tó gbójú sókè, ó sì rí i tí Tranter ń wò ó. Kò wo ojú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ló ń wò. Ó ní ọmọ náà kò níwà búburú kankan, ọmọ dáadáa ni, ó máa ń kí èèyàn, ṣùgbọ́n òun mọ ojú yẹn. Ojú yẹn ni òun ti gbé kiri fún gbogbo ọdún tí òun fi wo ọwọ́ Rucker, irú rẹ̀ ló sì wà lójú bàbá wa lọ́jọ́ tó ra fìlà tuntun. Ó ní àánú ọmọ náà ló kọ́kọ́ ṣe òun, kó tó di ti ara òun.

Ó tú tìmùtìmù náà. Ó lọ bá kóòṣì.

"Orúnkún mi ò dáa," ó sọ fún un. "Ó ti pẹ́ tí kò ti dáa. Ẹ fi Tranter síbẹ̀ lónìí."

Kóòṣì náà ti dàgbà nínú iṣẹ́ yẹn. Ó wò ó dáadáa. "Lónìí nìkan?"

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́ sọ ọ́, sà."

Lẹ́yìn náà ló lọ bá Tranter. Ó ní ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́kàn òun tí òun fẹ́ sọ fún un, nípa ọwọ́, nípa sísọ ọ́ jáde nígbà tí nǹkan bá ń dunni, nípa ẹni tó máa dé lẹ́yìn ọ̀la tí wọ́n máa ní kó lọ dúró sí kọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń wọ ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wà lórí pápá. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà, ẹ ṣé gan-an," ó sì sáré jáde.

Tranter gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ibi iṣẹ́ náà kò padà sọ́wọ́ Ondrej mọ́. Nígbà tí ọdún parí, Haverty kọ̀wé sí i pé ó ti dòmìnira, pé ó lè lọ sí ẹgbẹ́ tó bá wù ú. Kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ ẹni tí kò lè lóṣòó.

Ó padà sí Dunmar. Àárọ̀ àkọ́kọ́, ó sùn dé ọ̀sán gangan, ìyá mi ń lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lọ gbọ́ bóyá ó ń mí. Nígbà tó yá, ó rí iṣẹ́ nílé búrẹ́dì, òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì kiri àwọn òkè. Ó fẹ́ Verona, opó kan tí a jọ ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, obìnrin tó máa ń pariwo rẹ́rìn-ín. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yanjú ọ̀rọ̀ ìsìnkú bàbá wa láìsọ ọ́, bí àwọn ará ilé wa ti máa ń ṣe.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó kábàámọ̀ pé ó la ẹnu sọ nípa orúnkún náà. A ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́. Ó ní rárá. Lẹ́yìn náà ló tún ní, ó kábàámọ̀, láwọn ọjọ́ kan. Ó ní ẹ̀rù ṣì máa ń bá òun jí. Kí òun tó la ojú tán, òun á ti nawọ́ sí orúnkún, òun á ti máa ronú bí òun ṣe máa rìn tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. Ó mú ọ̀dùnkún míì nínú abọ́, ó sì ń bá a lọ.